Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀ tó Wà ní Wusasa

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń béèrè pé ìgbà wo la máa tún kọ ìtàn sí ojú ewé yìí. Ó yá, ìtàn rèé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí ilé kan tí púpọ̀ nínú wa ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé náà ni ṣọ́ọ̀ṣì St. Bartholomew ní Wusasa, lẹ́yìn odi ìlú Zaria.

Ká má parọ́ fún ara wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Sabon Gari, "ilé amọ̀" la máa ń pè é, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, búlọ́ọ̀kù ni, ó ní páànù, ó ní agogo tó ń dún dé ojú irin reluwé. Àlejò tó bá ti ilé wá, tó ti rí Kàtídírà Aké l'Ábẹ́òkúta tàbí ti Marina l'Ékòó, bó bá dé Wusasa á kọ́kọ́ dákẹ́, á wá bi wá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ṣé owó ò tó wọn ni?" Àwa náà á rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé àwa gan-an la ò mọ nǹkan kan.

Ìtàn rẹ̀ jìnnà ju 1929 tí wọ́n kọ́ ọ lọ, ó sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún 1841, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ gba Odò Ọya wọ inú ilẹ̀, ọmọ Òṣogùn kan wà nínú ọkọ̀ náà. Samuel Ajayi Crowther ni, kò tíì di àlùfáà nígbà náà, ká má tíì sọ ti bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí wọ́n jọ lọ ni J. F. Schön, ará Jámánì, tó ti gbájú mọ́ kíkọ́ èdè Hausa. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Hausa ti wà lọ́kàn ìjọ CMS. Ṣùgbọ́n wọn ò rìn kọjá etí odò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lókójà ni wọ́n dúró sí.

Nígbà tó di 1900, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, kó ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn, wọ́n gbéra láti Èkó, ó di Kano. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè Hausa ní Tripoli, létí òkun ní ìhà àríwá Áfíríkà, torí pé àwọn Hausa oníṣòwò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni dókítà kan tí ń jẹ́ Walter Miller. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Wọ́n dé Kano, wọ́n bọ́ síwájú Emir Aliyu, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ni ní ìwé àti ìgbàgbọ́. Ọba ní rárá o, kí wọ́n máa lọ. Kano kò tíì sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọdún 1903 ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ọba tó ní ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n lọ bá, ó sì ní òun ò fẹ́. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀dó sí abúlé kan tí ń jẹ́ Girku, lápá Zaria. Àìsàn kọlù wọ́n níbẹ̀, ọ̀kan kú, àwọn tó kù sì tú ká.

Miller nìkan ló fi orí kunkun padà wá. Lọ́dún 1905, Emir Zaria, Aliyu dan Sidi, gbà á láyè kó máa gbé inú birni fúnra rẹ̀, láàárín odi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ yìí mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò fẹ́ míṣọ́nárì ní ìlú àwọn Mùsùlùmí, torí Lugard ti ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn. Síbẹ̀ Miller wà nínú birni fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Hausa. Bíbélì náà jáde lódindi ní 1932. Kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé o, torí ó máa ń bá ààfin jà, ó sì máa ń bá àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Nígbà tí wọ́n rọ Emir Aliyu yẹn kan náà lóyè, lọ́dún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó gbà á sílé, ẹjọ́ tí Miller ń rò nípa rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Àwa rò pé èyí ò dára. Ẹni tó gbà ọ́ sílé kọ́ lo yẹ kó o lé kúrò nílé.

Àwọn wo ló wá di ìjọ rẹ̀? Ibí yìí ni ìtàn ti yà sí ọ̀nà tí a ò retí. Kí míṣọ́nárì kankan tó dé, màlámù kan wà ní Kano tí ń jẹ́ Ibrahim. Ó ń ka Kùránì, ó sì rí i pé ohun tí ìwé náà sọ nípa Isa kò kéré, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n bu ọlá fún Isa ju bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe lọ. Wọ́n pa á nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sá lọ sí oko àti abúlé, wọ́n ń gbé láàárín ara wọn, Isawa ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní 1913 ni wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan wà ní Zaria tó ń sọ̀rọ̀ nípa Isa, wọ́n sì wá a wá. Abúlé kan tí ń jẹ́ Gimi ni wọ́n fi wọ́n dó sí. Àrùn oorun wá bá wọn níbẹ̀, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù padà sí Zaria. Àwọn yìí, àti àwọn ọmọ tí Miller kọ́ níwèé, àti àwọn ajíhìnrere láti orí òkè Jos, ni wọ́n para pọ̀ di ìdí ìjọ. Ẹ̀yin náà ṣàkíyèsí: kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú gbogbo èyí tí a kà sílẹ̀ yìí. Ìjọ Hausa ni, èdè Hausa ni wọ́n fi ń sìn.

Lọ́dún 1929, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn láàárín ìjọba, ààfin àti àwọn míṣọ́nárì, wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn kúrò nínú birni lọ sí Wusasa, ìta odi, nítòsí òkè àpáta Kufena. Oko ni ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn St. Luke náà dìde. Láàárín wọn ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sì fi amọ̀ kọ́ ọ bí àwọn Hausa ṣe ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ níbí, torí ibí lọ́rọ̀ wà. Ní 1929, sìmẹ́ńtì ti wà ní Zaria. Páànù wà. Reluwé ti dé láti 1911, ohun tí ẹ bá fẹ́ láti Èkó ni ọkọ̀ á gbé wá. Àwa Yorùbá tó bá reluwé wá ń kan páànù sórí ilé wa ní Sabon Gari láìdúró. Bí àwọn ará Wusasa bá fẹ́ kọ́ ilé bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú fèrèsé ṣóńṣó àti òrùlé gígùn, ohun èlò wà. Ilé tó jọ ti àwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n kọ́. Ọmọ Hausa tó bá wọ ibẹ̀ ò ní rò pé ilé àjèjì lòun wọ̀. Ilé bíi ti bàbá rẹ̀ ló wọ̀, èdè bàbá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú ilé yìí? Bí ẹ bá wọ inú birni Zaria, ẹ ó rí àwọn kòtò ńláńlá tí omi máa ń kún lásìkò òjò, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́bàá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ìlú. Wọ́n á wa amọ̀ pupa, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á gé koríko sí i, wọ́n á fi ìgbẹ́ ẹṣin tàbí ti màlúù pò ó, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n, ìdí á fẹ̀, orí á ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Tubali ni wọ́n ń pè é. Oòrùn ló ń gbẹ ẹ́, kò rí iná rí. Magini, ìyẹn mọlémọlé wọn, á to tubali ní ìpele, á da amọ̀ rírọ̀ lé e lórí, á tún to òmíràn. Ìdí ògiri máa ń nípọn gan-an, bó ṣe ń gòkè ló ń tín-ín-rín.

Àwa nílé, a kì í ṣe tubali. Amọ̀ tútù la máa ń dì bí ìṣù iyán, tí a óò máa jù ú fún mọlémọlé lórí ògiri, ìpele kan á gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ibi tí àwa àti àwọn Hausa ti yàtọ̀ pátápátá ni òrùlé. Kí páànù tó dé, koríko tàbí ewé la fi ń bo ilé. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ẹ mọ̀ pé nítorí koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin ni ọdún Bẹẹrẹ fi wà. Òrùlé tiwa ń da omi nù. Àwọn mọlémọlé Hausa, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé náà.

Ẹ ó ní, báwo ni amọ̀ ṣe ń dúró lókè? Igi kan ni àṣírí rẹ̀. Ọ̀pẹ gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní giginya, ẹ ó ti rí i lójú ọ̀nà, òun ni ìdí rẹ̀ máa ń wú láàárín. Wọ́n á la igi rẹ̀ sí ọ̀pá, wọ́n ń pè é ní azara. Ikán kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ ó wúwo, kò sì gùn tó láti dá yàrá ńlá kọjá. Ohun tí àwọn magini ń ṣe rèé: wọ́n á ti azara bọnú ògiri, orí rẹ̀ á yọ síta díẹ̀. Wọ́n á ti òmíràn lé e, ìyẹn á yọ jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe lósì, títí méjèèjì á fi pàdé lókè. Wọ́n á wá fi amọ̀ bò ó, ó di ọrun kan ṣoṣo. Bakan gizo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ọrun Gizo, aláǹtakùn inú àlọ́ wọn. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe òṣùmàrè. (A bi bàbá Hausa kan pé kí ló kan aláǹtakùn nínú ọ̀rọ̀ òṣùmàrè, ó ní kí àwa kọ́kọ́ sọ ohun tó kan ìjàpá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá.)

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ nínú ìtàn, ará Zaria ni. Babban Gwani Mikaila lorúkọ rẹ̀, òun ló kọ́ mọ́sálásí Jímọ̀ inú birni Zaria ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Wusasa, tí ọrun amọ̀ gbé òrùlé rẹ̀ láti ìhà kan dé ìkejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos, ẹ ò nílò láti rìn jìnnà. Wọ́n kọ́ àwòṣe rẹ̀ sínú ọgbà àwọn ilé ìbílẹ̀ tó wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Jos. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ, kí wọ́n lọ dúró sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè.

Ìmọ̀ tó bí mọ́sálásí yẹn ló bí ṣọ́ọ̀ṣì Wusasa. Èyí ló dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kó ṣe àwa Yorùbá ní kàyéfì, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó, ní òdìkejì. Nígbà tí Mohammed Shitta fẹ́ kọ́ mọ́sálásí tí wọ́n ṣí ní 1894, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Shitta-Bey, bíríkìlà Àgùdà ló gbé iṣẹ́ fún, João Baptista da Costa. Àwọn tó ti Brazil dé ló mọ ilé ńlá kọ́ nígbà náà, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ilé ní Brazil ni wọ́n ṣe kọ́ mọ́sálásí náà. Bíríkìlà kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ amọ̀.

Ó ku nǹkan méjì nípa ilé alámọ̀, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Èkínní ni òjò. Òjò Zaria kì í pẹ́ lọ́dún bíi ti Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìbínú rọ̀. Àwọn Hausa máa ń gún èèpo èso igi irú, igi tí wọ́n fi ń ṣe dawadawa, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fi omi rẹ̀ po amọ̀ tí wọ́n máa fi rẹ́ ògiri. Makuba nìyẹn, bó bá gbẹ, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Wọ́n tún máa ń ti ọ̀pá oníhò síta lára òrùlé, kí omi lè dà sí ọ̀nà jíjìn, kó má gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Ìwo kéékèèké tó máa ń yọ sókè ní igun àwọn ilé Hausa, zanko ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ní ẹwà lásán ni, àwọn kan ní ibẹ̀ ni mọlémọlé máa ń dì mú bó bá ń gòkè lọ tún òrùlé ṣe.

Èkejì ni pé ilé alámọ̀ kì í parí. Bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ rẹ́. Bí òjò bá dá, ẹ gbọ́dọ̀ wo ibi tó ṣán. Ọdún méjì péré láìfọwọ́ kàn án, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ lè kọ́ ọ kí ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ogún ọdún. Ti amọ̀, kò sí ìgbàgbé níbẹ̀. Ilé tó ti wà láti 1929, ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ ti kàn án. Ìran kan rẹ́ ẹ, ó kú, ọmọ rẹ̀ rẹ́ ẹ, ó darúgbó, ọmọ ọmọ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé amọ̀ bàbá yín nílé tí ẹ fẹ́ tún ṣe: ẹ má sáré da sìmẹ́ńtì lé amọ̀ lára. Púpọ̀ wa ti ṣe é. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó bá gba ihò kékeré wọlé ò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kan sìmẹ́ńtì náà á ṣí kúrò ní odindi bí èèpo iṣu. Amọ̀ ni ẹ fi ń tún amọ̀ ṣe.

Àwọn tó ti ìjọ yẹn jáde, ẹ mọ̀ wọ́n. Yakubu Gowon, tó ṣolórí Nàìjíríà láti 1966 dé 1975, Wusasa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà; ajíhìnrere ni bàbá rẹ̀, wọ́n ti apá Pankshin wá. Ilé ìwé St. Bartholomew ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Dókítà R. A. B. Dikko, ọmọ Òkè Ọya àkọ́kọ́ tó di dókítà ìṣègùn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Miller tọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó padà di NPC sílẹ̀. Ishaya Audu, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ahmadu Bello, ọmọ Wusasa lòun náà. Fún abúlé kékeré tó wà lẹ́yìn odi, ẹ ò rí i pé ó gbìyànjú?

A ò lè fo 1987. Oṣù kẹta ọdún náà, ìjà bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Kafanchan, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti dé Kaduna, Katsina, Funtua, Zaria. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ní Zaria, ti Wusasa wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà ò nílò kí a sọ ọ́ fún yín. Nínú àdúgbò wa, àwọn ìdílé Mùsùlùmí kan, ọmọ Yorùbá àti Hausa, kó àwọn aládùúgbò wọn onígbàgbọ́ pamọ́ sí yàrá títí ilẹ̀ fi rọ̀. Àwọn kan ò rí ẹni kó wọn pamọ́. Nínú ilé alámọ̀, ohun tí iná ń jẹ ni igi, ìjókòó, ilẹ̀kùn, ìwé orin. Amọ̀ fúnra rẹ̀ kì í jó. Àwọn ará Wusasa ò kó lọ. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe, wọ́n sì ń sìn níbẹ̀ títí dòní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ara wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì kan nínú àwọn tiwa (a ò ní dárúkọ, àwa náà wà nínú ìgbìmọ̀) pinnu láti wó ilé tí àwọn bàbá wa kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti àwọn ìyá oníṣòwò ló dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ kọ́ ọ. Ó ti kéré fún wa, òótọ́ ni. Ògiri rẹ̀, amọ̀ ni lábẹ́ sìmẹ́ńtì, a ò tilẹ̀ mọ̀ títí katakata fi ya á. Gbogbo ìgbà tí a fi ń fi Wusasa ṣẹ̀sín, abẹ́ ilé amọ̀ làwa náà jókòó sí! Nígbà tó wó tán, ìyá àgbà kan wá, ó tẹ̀ sórí àwókù yẹn, ó ń wá òkúta ìpìlẹ̀ tí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Akólẹ̀ ti kó o dà nù. A ò ní fọ́tò kan ṣoṣo tó fi gbogbo ilé náà hàn. Èyí tó wà, ìyàwó àti ọkọ ló dúró síwájú, ilé ò ju igun kan lọ lẹ́yìn wọn. Ilé tuntun ti dé òkè fèrèsé, ó ti dúró síbẹ̀ láti ìgbà náà, nítorí owó.

Ìyẹn ló mú kí àwa mẹ́rin kan kó ara wa lọ sí Wusasa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, kì í ṣe láti lọ ṣèsìn, láti lọ wo ilé. Oòrùn ń jó níta. A wọlé, ara wa balẹ̀. Ògiri tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru wọlé kíákíá, bó bá sì di àkókò ọyẹ́, kì í jẹ́ kí òtútù wọlé. A ò ní fáànù kan lórí, a ò sì fẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wa, bíríkìlà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń to búlọ́ọ̀kù ní ìlú yìí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá mi mọ èyí ṣe. Èmi ló sọ fún un pé ayé ti kọjá ìyẹn."

Kí a tó kúrò, bàbá tó mú wa káàkiri bi wá bóyá àwa náà ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Sabon Gari tí òun lè wá wò. A wo ojú ara wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò ilé ìjọsìn àwọn baba wa ní Òkè Ọya, ṣọ́ọ̀ṣì o, mọ́sálásí o, ti Zaria, Kano, Kaduna, Jos, Minna tàbí Gusau, ì báà jẹ́ èyí tí igun ilé nìkan yọ lẹ́yìn ìyàwó, kó fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ ọdún tí wọ́n yà á àti ìlú sí i, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tó rántí ẹni tó mọ ògiri rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. A ó máa gbé wọn jáde síbí níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn ará Wusasa sì ní kí a bá àwọn sọ fún yín: ṣáájú òjò àkọ́kọ́, wọ́n á tún ara ògiri rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó lè wá. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ amọ̀, kó wọ aṣọ tí kò ní dùn ún.